Nguyễn: Orúkọ Orílẹ̀ Ni, Kì í Ṣe Orúkọ Bàbá Ẹnikẹ́ni

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àwọn ìtumọ̀ tí a ń fún "sọ́nẹ́ẹ̀mù" (surname) ní Yorùbá ṣe mẹ́hẹ tó, ẹ gbé wọn ka orí Nguyễn, orúkọ tó pọ̀ jù lọ ní Fiẹtnám. Kò sí ọ̀kan tó máa dúró.

"Orúkọ ìkẹyìn" ló máa kọ́kọ́ ṣubú. Ẹni tó kọ ọ́ kò túmọ̀ nǹkan kan, aṣọ Yorùbá ló kàn wọ̀ fún èdè òyìnbó. Òyìnbó ń kọ tirẹ̀ kẹ́yìn, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pè é bẹ́ẹ̀. Ará Fiẹtnám ń kọ tirẹ̀ ṣíwájú: Nguyễn Văn An. An ni wọ́n sọ ọmọ, Văn wà láàárín, Nguyễn ló ṣáájú. Ìkẹyìn tó wá ń léwájú, ẹ jọ̀ọ́, ta ni yóò ṣàlàyé ìyẹn fún akẹ́kọ̀ọ́?

"Orúkọ bàbá" sàn díẹ̀, torí ó bá ìtàn tiwa mu. Nígbà tí ìjọ àti ilé ìwé ní kí oníkálukú mú orúkọ méjì wá, àbísọ bàbá ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá so mọ́ tirẹ̀, ló bá lẹ̀ mọ́ wọn títí dòní. Nguyễn kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí bàbá tí wọ́n sọ ní Nguyễn lọ́jọ́ ìkómọ. Ọmọ bá a lára bàbá, bàbá náà bá a lára bàbá tirẹ̀.

"Orúkọ ìdílé" ni àwọn oníròyìn fẹ́ràn jù, òun ni mo sì kà sí èyí tó léwu jù. Ẹni tó bá gbọ́ "ìdílé" ti ń ro agboolé, olórí ẹbí, ogún àti ìpàdé oṣooṣù. Kíá ló ti gbà pé gbogbo Nguyễn ló tan mọ́ra. Bẹ́ẹ̀, iye tí àwọn onímọ̀ ń sọ wà láàárín 30 sí 40 nínú gbogbo 100 ará Fiẹtnám, orílẹ̀-èdè tí iye ènìyàn rẹ̀ ti tó mílíọ̀nù 100. Ìdílé wo nìyẹn?

Orúkọ orílẹ̀ ni mo ń kọ ní tèmi, n kò sì ní yí i padà. Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ: pé "orílẹ̀" ti di ti ìjọba, ti àsíá àti orin. Orílẹ̀-èdè nìyẹn, èdè tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́yìn ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Kí ìwé ìròyìn tó dé ni orílẹ̀ ti wà nínú oríkì orílẹ̀. Ọmọ Òpómúléró kan lè wà ní ìlú kan, kí òmíràn wà ní ìlú tó jìnnà sí i, kí wọ́n má mọ ara wọn rí. Ẹnu kan náà ni wọ́n fi ń kì wọ́n. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé "Òpómúléró, wá gba oúnjẹ rẹ." Ọ̀dọ̀ bàbá ló ti ń wá, ó sì ń tọ́ka sí orírun, yálà orírun náà ṣì ṣeé tọpa tàbí kò ṣeé tọpa mọ́. Ohun mẹ́rin yìí gan-an ni Nguyễn ń ṣe. Àwọn tó ni ín pàápàá, họ ni wọ́n ń pe irú orúkọ bẹ́ẹ̀, họ yìí kan náà ni wọ́n sì ń pe àwọn ènìyàn tó ń jẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ Yorùbá wo ló tún ṣe iṣẹ́ méjèèjì báyẹn, tí kì í ṣe orílẹ̀? (Ní ti "orúkọ àárín" fún Văn, àti fún Thị tó jẹ́ ti obìnrin, mo fi sílẹ̀. Òyìnbó ni ìyẹn náà, ṣùgbọ́n àárín náà ló wà lóòótọ́.)

Àwọn kejì tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ń kọ ọ́ ní "Nugúyẹ́ẹ̀nì", pé àwọn ń sọ ọ́ di Yorùbá. Sílébù márùn-ún fún orúkọ tó jẹ́ sílébù kan ṣoṣo! Ìró tí wọ́n ń wá kiri ti wà lẹ́nu wa látilẹ̀. Ẹ sọ "ó ń wí", kí ẹ fetí sí ohun tí "ń" ṣe níwájú "w": ẹ̀yìn ahọ́n ló ti dún. Ibẹ̀ gan-an ni Nguyễn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ "ó" kúrò, ẹ má jẹ́ kí "ń" dá dúró gẹ́gẹ́ bí sílébù tirẹ̀, ẹ kó o wọnú "wiẹn" lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn rẹ̀ ń gòkè, bí "wé" ṣe ń gòkè nínú "ìwé". Ní àríwá Fiẹtnám, ọ̀fun máa ń há díẹ̀ kí ohùn náà tó dé òkè. Ní gúúsù kì í há. Àwọn ọmọ wọn ní Amẹ́ríkà sábà máa ń sọ "Win" fún àwọn ará ibẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè kúrò nílẹ̀.

Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Àmì méjì orí e yẹn kò yẹ kó ya Yorùbá lẹ́nu. Èyí tó dà bí òrùlé jẹ́ ti fáwẹ̀lì, iṣẹ́ tí àmì abẹ́ ẹ ń ṣe fún wa ló ń ṣe. Èyí tó rí bí ìgbì omi ni àmì ohùn. Àwọn àlùfáà Kátólíìkì ti ẹgbẹ́ Jesuit ló gbé ọ̀nà ìkọ̀wé yìí kalẹ̀, ìwé atúmọ̀ èdè tí ọ̀kan nínú wọn, Alexandre de Rhodes, tẹ̀ ní Rome ní 1651 ló sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àwa náà wà nínú ìgbádùn rẹ̀: ẹ àti ọ tí ẹ ń tẹ̀ lórí fóònù, àárín àwọn lẹ́tà tí Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, tò fún èdè Fiẹtnám ni wọ́n wà. Ìdí nìyẹn tí ễ wọn fi jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà, tí ẹ́ tiwa sì jẹ́ méjì tí a lẹ̀ pọ̀, tí àmì orí rẹ̀ ń fò lọ bí a bá pa fọ́ǹtì dà.

Ó wá ku bí orúkọ kan ṣe gba ìlú kan. Aṣọ ẹbí ni kí ẹ fi wò ó. Ẹni tó bá rí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ènìyàn nínú ànkárá kan náà mọ ẹni tó ni òde. Kò mọ ọmọ ta ni ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àwọn kan jẹ́ ẹbí lóòótọ́, àwọn kan ra aṣọ nítorí ojú rere, wọ́n fi ta àwọn kan lọ́rẹ, àwọn kan sì wọ̀ ọ́ kí àwọn aṣọ́nà má baà dá wọn mọ̀. Bí òde bá parí, aṣọ kò kúrò lára wọn.

Lẹ́tà Ṣáínà ló pilẹ̀ orúkọ náà, 阮. Ruan ni wọ́n ń pè é ní Beijing, Yuen ni ní Hong Kong; òun náà ló wà lára orúkọ Ruan Lingyu, òṣèré fíìmù Shanghai tó kú ní 1935. Àwọn ọdún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 tí Ṣáínà fi jọba lé Fiẹtnám lórí, títí di ọ̀rúndún kẹwàá, ló gbé e wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló jẹ́ kó pọ̀.

Ní 1225, àwọn Trần gba ìtẹ́ Fiẹtnám lọ́wọ́ àwọn Lý tó ń jọba. Ọba obìnrin kékeré kan, Lý Chiêu Hoàng, ni wọ́n ní kó gbé adé fún ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ Trần. Ní 1232 àṣẹ jáde: gbogbo Lý gbọ́dọ̀ di Nguyễn. Àwíjàre wọn ni pé Trần Lý ni orúkọ bàbá àgbà ọba tuntun, èèwọ̀ sì ni kí ará ìlú máa pe orúkọ àgbà ààfin. Ó rọrùn kí ìyàwó ilé wa lóye èyí. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni pé ẹni tí kò ní orúkọ ọba tó kọjá kò lè fi í béèrè ìtẹ́. Ìdílé Hwasan Lee ní Kòríà sọ pé ọmọ ọba Lý kan, Lý Long Tường, tó sá lọ sọ́dọ̀ wọn lórí omi, ni baba ńlá àwọn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó kúrò nílé ló mú orúkọ ilé lọ́wọ́.

Nígbà tí àwọn Mạc, ìran ọba mìíràn, pàdánù olú-ìlú ní 1592, ọ̀pọ̀ nínú wọn pa orúkọ dà, Nguyễn sì wà lára èyí tí wọ́n sá sí. Àwọn arákùnrin mẹ́ta láti Tây Sơn tó dojú ìjọba dé ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, Hồ ni orílẹ̀ wọn. Nguyễn Nhạc, Nguyễn Lữ àti Nguyễn Huệ ni ìtàn mọ̀ wọ́n sí. Lẹ́yìn náà ni Nguyễn Ánh ṣẹ́gun, tó di Gia Long ní 1802, ìran rẹ̀ sì wà lórí ìtẹ́ títí Bảo Đại fi sọ̀ kalẹ̀ ní 1945. Ọba ti wá ń fi orúkọ náà ta ọ̀gágun lọ́rẹ: Huỳnh Tường Đức jagun fún un, ó di Nguyễn Huỳnh Đức. Ẹ wá wo ẹ̀fẹ̀ tó wà níbẹ̀: ọ̀pọ̀ ọmọ ààfin gan-an kì í kọ Nguyễn lásán. Nguyễn Phúc ni wọ́n, àwọn ẹ̀ka kan sì ń jẹ́ Tôn Thất, bíi Tôn Thất Tùng, oníṣẹ́ abẹ ẹ̀dọ̀ tó lókìkí. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "Nguyễn ni mí, ọmọ ọba ni mí" ṣì ní àlàyé ṣe.

Ọ̀nà méjì ni orúkọ náà gbà jáde. Àwọn ará gúúsù ló pọ̀ jù nínú àwọn tó sá lẹ́yìn tí Saigon ṣubú ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin 1975, ọ̀pọ̀ nínú wọn nínú ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n dé Amẹ́ríkà, Kánádà, Ọsirélíà àti Faransé: Westminster àti San Jose ní California, Houston, Cabramatta ní Sydney, Footscray ní Melbourne. Faransé ti mọ̀ wọ́n ṣáájú, torí òun ló gba ilẹ̀ wọn. Àwọn tó gba ọ̀nà kejì jẹ́ òṣìṣẹ́ tí ìjọba fi ránṣẹ́ lábẹ́ àdéhùn sí Ìlà-Oòrùn Jámánì àti Czechoslovakia, àríwá sì ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Nguyễn tí ẹ bá gbọ́ ní ọjà Sapa ní Prague, olú-ìlú Czech, sábà máa ń há lọ́fun, ti Houston kì í há.

Ní orílẹ̀-èdè Czech, Nguyen ti wọ àárín mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú gbogbo orúkọ orílẹ̀. Àwọn obìnrin kan tiẹ̀ ti di Nguyenová, torí -ová ni Czech ń fi parí orúkọ obìnrin. Ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 1990 fi í sí ipò 229. Ti 2000 gbé e dé ipò 57 pẹ̀lú ènìyàn 310,125. Ti 2010 gbé e dé ipò 38 pẹ̀lú 437,645. Ẹ má rò pé àwọn ará Fiẹtnám pọ̀ ju gbogbo àjèjì tó kù lọ ni. Bí 100 nínú wọn bá sọ̀ kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, ó kéré tán 30 ló máa jẹ́ Nguyễn. Bí 100 Yorùbá bá sọ̀ ní London, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka 100 orúkọ, torí àbísọ bàbá kálukú ló wà níbẹ̀. A lè pọ̀ títí, orúkọ wa kan kò ní gòkè.

Ibi tí wàhálà wà ni fọ́ọ̀mù. Fún Nguyễn Văn An, Nguyen ló ń lọ sí ojú orúkọ orílẹ̀; bí kò bá sí ojú fún orúkọ àárín, ẹ kọ "Van An" pọ̀ sí ojú àbísọ. Wọ́n ti sọ "Nguyen Van" di orúkọ orílẹ̀ fún àwọn kan ní Faransé, ọmọ wọn sì jogún àṣìṣe náà. Fún obìnrin, Thị ni wọ́n máa ń mú bí ẹni pé òun ni àbísọ, tí nọ́ọ̀sì á pe "Thi" tí obìnrin mẹ́rin á dìde. Èyí tó burú jù ni ìyípadà ẹ̀ẹ̀mejì: onítọ̀hún ti yí orúkọ rẹ̀ fún òyìnbó sí An Van Nguyen, akọ̀wé tó gbọ́ pé orílẹ̀ ló ń ṣíwájú ní Fiẹtnám tún yí i, An wá di orílẹ̀. Van kò lè tú yín sílẹ̀ níbẹ̀, àárín ló wà lọ́nà méjèèjì. Àwọn orílẹ̀ fúnra wọn ni kí ẹ mọ̀, wọn kò pọ̀: Nguyễn, Trần, Lê, Phạm, Phan, Đặng, Bùi, Đỗ, Hồ, Ngô, Dương, Lý, pẹ̀lú Hoàng tí gúúsù ń pè ní Huỳnh àti Vũ tí wọ́n ń pè ní Võ. Mẹ́rìnlá yìí ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú ará ìlú.

Ìyàwó kì í gba orúkọ ọkọ. Tọkọtaya tí àwọn méjèèjì ń jẹ́ Nguyễn, bí wọ́n ṣe bá ara wọn nìyẹn. Ìyá tó jẹ́ Trần á máa kó ọmọ Nguyễn kọjá ní ẹnubodè, wọ́n á sì máa bi í bóyá òun ló bí wọn. Bí àmì bá sì kúrò lórí àbísọ, An, Ân àti Ẩn di ọ̀kan náà. Ẹ fi ọjọ́ ìbí kún un kí ẹ tó sọ pé ènìyàn méjì jẹ́ ẹnì kan náà.

Àbísọ ni wọ́n ń pè nílé, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹbí níwájú rẹ̀ bíi tiwa: anh An, ẹ̀gbọ́n An. Ọ̀gágun Giáp ni wọ́n ń pe Võ Nguyên Giáp. Hồ Chí Minh, olórí wọn nígbà kan, tí wọ́n ń fi orílẹ̀ pè ní Bác Hồ (ẹ̀gbọ́n bàbá wa Hồ), ṣàjèjì sí òfin yìí, Nguyễn Sinh Cung sì ni wọ́n sọ òun alára ní 1890. Ní Dallas, Nguyen ni wọ́n kọ sẹ́yìn aṣọ Dat Nguyen tó gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (American football) fún ẹgbẹ́ Cowboys. Ní Fiẹtnám, Đạt ni wọn ì bá máa pariwo. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ kíláàsì wọn pàápàá, àbísọ ni wọ́n fi ń tò ó. Ìwé fóònù Melbourne fi N to Nguyễn Văn An, ìgbà kan sì wà tó jẹ́ pé Smith nìkan ló pọ̀ ju Nguyen lọ níbẹ̀. Ẹni tó ń wá An nínú ti ilé, A ni kó ṣí.