Síìpù YKK Kọ́ Ló Ń Sọ Aṣọ Di Ojúlówó

Kò sí ìgbà tí wọ́n tú béèlì òkìríkà l'Ọ́jà Ọba l'Ákùúrẹ́ tí ẹnìkan ò ní gbé gáùn kan sókè, kó fa síìpù rẹ̀, kó sì pariwo pé, "YKK ni! Ojúlówó ni!" Àwọn tó ń ṣa aṣọ àtijọ́ olórúkọ ńlá jọ náà ti gbà á gbọ́. Wọn á san owó gọbọi nítorí lẹ́tà mẹ́ta, wọn á sì ju aṣọ gidi nù torí pé orúkọ mìíràn ló wà lára síìpù tirẹ̀. Ó ń dùn mí gan-an, torí àwọn aṣọ tí à ń jù nù yẹn, kò sẹ́ni tó tún ń rán wọn mọ́.

Ilé-iṣẹ́ síìpù ni YKK. Tadao Yoshida ló dá a sílẹ̀ ní Jàpáànì ní 1934, ẹnikẹ́ni tó bá sì lówó ni wọ́n ń tà fún. Ẹni tó ń rán kóòtù olówó iyebíye ń rà á, ẹni tó ń ṣe báàgì ọmọ ilé-ìwé ń rà á, télọ̀ àdúgbò yín náà lè rà á lọ́jà. Ta ló wá sọ pé ẹni tó ń rán ayédèrú ò lè rà á? Èsì tí wọ́n máa ń fún mi ni pé síìpù yẹn wọ́n, oníjìbìtì ò ní náwó sí i. Mi ò gbà. Kí lowó síìpù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí wọ́n máa ta gáùn tí wọ́n gán orúkọ Versace mọ́? Ẹni tí kò bá tiẹ̀ fẹ́ náwó rárá lè tẹ YKK sára síìpù tó bá wù ú. Ọwọ́ tó lè ṣe ayédèrú lébẹ̀lì Versace, kí ló fẹ́ dí i lọ́wọ́ níbi lẹ́tà mẹ́ta?

Ẹ jẹ́ ká wo apá kejì. Ọ̀pọ̀ aṣọ Amẹ́ríkà àtijọ́, síìpù Talon ló wà lára wọn. Éclair jẹ́ ti ilẹ̀ Faransé, Lampo ti Ítálì, Riri ti Switzerland. Ṣòkòtò jíìnsì Levi's 501Z tó jáde ní 1954, a máa ń rí síìpù Talon lára rẹ̀. Ẹni tó gbà pé YKK nìkan ló dáa á fọwọ́ ara rẹ̀ jù ú padà sínú òkìtì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò sì rò ni pé síìpù wà lára ohun tó máa ń tètè bàjẹ́ lára aṣọ. Gáùn tó ti lo ogójì ọdún, tó ti ti ọwọ́ ìyá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ kó tó wọ béèlì, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti pààrọ̀ síìpù rẹ̀ rí. Ìgbà tí wọ́n tún aṣọ ṣe nirú síìpù bẹ́ẹ̀ ń sọ fún wa. Ẹ yí inú aṣọ síta, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ síìpù dáadáa. Bí ẹ bá rí ihò abẹ́rẹ́ níbi tí òwú ò sí mọ́, bí àwọ̀ òwú ibẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ojú rírán yòókù, tàbí tí wọ́n fọwọ́ rán ibẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi rán gbogbo ìyókù, a jẹ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Mi ò sọ pé síìpù ò wúlò o. Bí ẹnìkan bá ní gáùn òun ti wà láti 1945, tí ẹ sì bá síìpù oníke lára rẹ̀, ó yẹ kí ara fu yín, torí irin ni ọ̀pọ̀ síìpù gáùn ayé ìgbà yẹn. Láàárín àwọn ọdún 1960 ni oníke bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti pààrọ̀ síìpù náà, òótọ́ lè wà lẹ́nu ẹni tó ń tà á. Bákan náà ni lébẹ̀lì. Láti 1972 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí lébẹ̀lì tó ń sọ bí a ṣe ń fọ aṣọ máa wà lára aṣọ, Levi's sì yí E ńlá orúkọ rẹ̀ padà sí kékeré ní 1971. Wọ́n wúlò fún mímọ ìgbà, ṣùgbọ́n lébẹ̀lì ṣeé tú, ó sì ṣeé gán mọ́ aṣọ mìíràn. Lójú tèmi, ó ṣeé ṣe kí ojú rírán, ìgbátí àti bótìnnì sọ ju síìpù lọ, bí a bá wò wọ́n pọ̀.

Aṣọ tiwa náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Shade Thomas-Fahm, gbajúmọ̀ aránṣọ ilẹ̀ wa tó ti London dé ní 1960, ṣí ṣọ́ọ̀bù l'Ékòó, ó sì rán ìró onísíìpù kí obìnrin má baà máa tún un ró káàkiri. Bí irú rẹ̀ bá wà nínú àpótí màmá yín l'Óǹdó, síìpù yẹn jẹ́ ara iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń gbé aṣọ àtijọ́ lọ bá télọ̀ pé kó yọ Talon, kó fi YKK sí i kó lè yá tà: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é mọ́. Bí síìpù onírin bá ń há, ẹ fi àbẹ́là ra eyín rẹ̀, kí ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti kán pátápátá tí ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ ní kí télọ̀ fi ọwọ́ tú u, kí ẹ di síìpù àtijọ́ náà sínú ọ̀rá kékeré, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ aṣọ náà.