Omi Inú Igi Ló Ń Ba Pàṣípààrọ̀ Òkè Òkun Jẹ́

Àwọn tó ń lo lathe, ẹ̀rọ tó ń yí igi bíríbírí kí irin lè fá a di abọ́, ife tàbí ara bíírò, fẹ́ràn igi tí kì í hù ládùúgbò wọn. Ẹni tó wà ní Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní yew àti holly; ẹni tó wà ní Arizona ní Amẹ́ríkà ní mesquite. Wọ́n á ṣe pàṣípààrọ̀: ègé abọ́ kan, ìyẹn ègé igi tí wọ́n á fá di abọ́, fún ègé abọ́ kan (ká ní ó fẹ̀ ní 20 sẹ̀ǹtímítà níhà méjèèjì, ó sì nípọn tó 7.5), tàbí ègé bíírò mẹ́wàá fún mẹ́wàá. Lílà á àti kíkọ orúkọ igi sára ègé kọ̀ọ̀kan kò le. Omi ni wàhálà.

Àṣìgbọ́ kan wà tó yẹ kó ti tán nílẹ̀ tipẹ́: pé igi tí wọ́n bá ti rì bọ inú àbẹ́là yíyọ́ ti gbẹ. Rárá o. Torí pé kò tíì gbẹ ni wọ́n ṣe rì í. Ẹnu méjèèjì tí ayùn ti gé igi lábùú, níbi tí ihò tóóró inú rẹ̀ ti ṣí síta, ń tú omi jáde ní ìlọ́po mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe ń tú u. Bí ẹnu bá gbẹ, tó sún kì, tí inú ṣì tutù, igi á là. Ẹnu yẹn ni àbẹ́là ń dí. Bí ewé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ ló rí: ewé kì í mú ẹ̀kọ gbẹ, omi rẹ̀ ló ń dá dúró. Tú ẹ̀kọ sílẹ̀ nínú ọyẹ́, ojú rẹ̀ á le, á sán, inú á ṣì rọ̀. Fi í sínú ewé, á wà bó ṣe wà. Jẹ́ kó pẹ́ jù níbẹ̀, á bu. Igi tí wọ́n fi àbẹ́là bò látòkè délẹ̀ náà lè bu, pàápàá holly, tí funfun rẹ̀ lè di eérú kí ẹrù tó gúnlẹ̀. Ó sàn kí wọ́n kun ẹnu méjèèjì nìkan, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ kó máa mí.

Báwo la ṣe ń mọ èyí tó gbẹ? Gé ègé pẹlẹbẹ kan láàárín igi náà, kì í ṣe lẹ́nu. Wọ̀n ọ́n, kí o fi sínú ofúnù ní ìwọ̀n 103 Sẹ́síọ́ọ̀sì títí tí kò fi ní fúyẹ́ sí i mọ́; ó sábà máa ń tó ọjọ́ kan. Bó bá jẹ́ gíráàmù 62 tẹ́lẹ̀, tó wá di 50, omi tó kúrò jẹ́ 12. Orí 50 la ti ń ṣírò 12 yìí, kì í ṣe orí 62; omi rẹ̀ jẹ́ ìdá 24 nínú 100. Ẹni tó bá fi 62 ṣe é á rí 19, á sì máa pe igi tútù ní gbígbẹ. Mítà alábẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi ń wọn omi inú igi yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí abẹ́rẹ́ wọlé dé ló ń kà, bí omi bá sì ti kọjá ìdá 30, ohun tó ń sọ kò ṣeé gbára lé.

Owó ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Ègé abọ́ maple tí igi inú rẹ̀ jẹ́ kílò 1.6 láìsí omi rárá, bí omi rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 60 dípò ìdá 12, ẹni tó fi ránṣẹ́ ti sanwó ọkọ̀ fún omi tó lé ní gíráàmù 750.

Igi tó gbẹ ní Kent kì í ṣe èyí tó gbẹ ní Arizona. Afẹ́fẹ́ tó yí igi ká ló ń pinnu ibi tí omi rẹ̀ á dúró sí: níbi tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá jẹ́ ìdá 80, igi á dúró ní nǹkan bí ìdá 16; níbi tó bá jẹ́ 30, á dúró ní nǹkan bí 6. Yew tó ti wà lábẹ́ òrùlé ní Kent fún ọdún mélòó kan, tó ti dúró jẹ́ẹ́ ní 16, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì tó bá dé aṣálẹ̀ Arizona. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, tí ẹni tó gbà á á ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Wọn ò rẹ́ ẹ jẹ; òun ni kò dúró kí igi bá afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mu. Ó yẹ kó wọn igi lọ́jọ́ tó dé, kó kọ ìwọ̀n àti ọjọ́ sí i lára, kó fá àbẹ́là kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó fi ti ẹnu sílẹ̀, kó sì máa wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí kò bá lè ní sùúrù, kó kọ́kọ́ fá abọ́ náà ní ṣákálá: kó jẹ́ kí ara abọ́ nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìbú rẹ̀, kó gbé e sínú àpò bébà fún oṣù díẹ̀. Abọ́ náà á wọ́, torí igi máa ń sún kì ní bíi ìlọ́po méjì bí a bá tẹ̀ lé òrùka ọdún rẹ̀ ju bí a bá gba àárín òrùka kọjá. Ìdí abọ́ tí ẹ̀rọ ń dì mú náà á wọ́, nítorí náà ibẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn dáadáa, kó lè ṣeé fá yípo lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ti ìwé òfin lórí kíkó igi wọ orílẹ̀-èdè mìíràn kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é gbọ́n. Wọn ò gbẹ́kẹ̀ lé ojú, torí ẹyin kòkòrò inú igi kò ṣeé rí. Kòkòrò emerald ash borer, tí wọ́n rí ní Michigan lọ́dún 2002, ti pa igi ash rẹpẹtẹ ní Amẹ́ríkà. Òǹtẹ̀ HT (heat treatment, ìyẹn fífi ooru pa kòkòrò) tó wà lára àpótí onígi ń jẹ́rìí pé inú igi àpótí náà gbóná dé ìwọ̀n 56 Sẹ́síọ́ọ̀sì fún ìṣẹ́jú 30. Kò sọ nǹkan kan nípa igi tí wọ́n kó sínú rẹ̀. Igi tí wọn ò tíì ṣe ní nǹkan kan, tó ń wọ Amẹ́ríkà, ń béèrè ìwé àṣẹ tirẹ̀, wọ́n sì lè ní kí àárín rẹ̀ gbóná dé 71.1 fún ìṣẹ́jú 75. Àléébù rẹ̀ ni pé ìnáwó ìwé fún ègé bíírò mẹ́wàá lè ju owó igi lọ, ìyẹn ló sì ń sún àwọn kan kọ “ẹ̀bùn” sára páálí.

Ní Nàìjíríà, ilẹ̀kùn tì: igi gbọọrọ àti pákó wà lára ohun tí ìjọba ò gbà kí wọ́n kó jáde. Apá àti ọ̀gànwó ilẹ̀ Áfíríkà sì ti wọ àkójọ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó lè run, láti ìpàdé ọdún 2022. Bóyá abọ́ tó ti parí ló kù tí oníṣẹ́ igi Èkó lè fi ṣe pàṣípààrọ̀, kó sì béèrè bóyá òfin gbà á àti ìwé tó yẹ kó tó dì í. Kó jẹ́ kí abọ́ ṣákálá náà pẹ́ nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, kí omi rẹ̀ sún mọ́ ìdá 10 kó tó fá a tán, torí yàrá tí wọ́n ń mú gbóná ní Lọ́ńdọ́nù nígbà òtútù á tún fa èyí tó kù jáde.