Wáyà Sọ́kẹ́ẹ̀tì Nínú Ṣọ́ọ̀bù: Ohun Tí Bíréékà Ń Ṣọ́ àti Ohun Tí Kò Rí

Sọ́kẹ́ẹ̀tì ámpù 13 oníhò mẹ́ta tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù káfíńtà àti ti wẹ́dà ní Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá. Ọdún 1947 ni ìlànà rẹ̀ kọ́kọ́ jáde níbẹ̀, lẹ́yìn ogun, nígbà tí bàbà ṣọ̀wọ́n. Kí wáyà má baà pọ̀ jù, wọ́n dá ọgbọ́n ríìngì: wáyà á kúrò nídìí bíréékà, á kan sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tẹ̀ lé òmíràn, á yí ṣọ́ọ̀bù po, á sì padà sídìí bíréékà kan náà. Ọ̀nà méjì ni iná ń gbà dé sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni wáyà 2.5 (ìwọ̀n sísanra bàbà inú rẹ̀, ní mm²) fi lè wà lábẹ́ bíréékà ámpù 32. Bí kò bá yí padà, ámpù 20 ni wọ́n máa ń fún un.

Ámpù 32 ti pọ̀ jù fún wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ìdí dírílì, nítorí náà ni fíúsì ṣe wà nínú pílọ́ọ̀gì. Ẹni tó bá fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé fíúsì tó jó ti mú ẹ̀ṣọ́ náà kúrò.

Wáyà inú ògiri ni bíréékà ń ṣọ́, kì í ṣe ènìyàn, àní wáyà ọ̀hún gan-an lè bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n lójoojúmọ́ máa ń tú ìdè nọ́ọ̀tì inú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí láìfù, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná wá, bá yọ níbì kan, gbogbo ẹ̀rọ á ṣì máa yí, iṣẹ́ ò ní dúró, ṣùgbọ́n ẹrù iná tó ń pín sọ́nà méjì á gba ọ̀nà kan. Wáyà á máa gbóná nínú páìpù, rọ́bà ara rẹ̀ á máa rọ̀, bíréékà ò sì ní já. Mítà tí àwọn oníná fi ń wọn wáyà nìkan ló lè tú àṣírí yìí. Wọ́n á pa iná láti orísun, wọ́n á yọ orí láìfù méjèèjì kúrò nídìí bíréékà, wọ́n á fi ẹnu mítà kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ríìngì tó pé, tí wáyà rẹ̀ gùn tó mítà 40, á fi nǹkan bí òòmù 0.3 hàn (òòmù ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà). Bí mítà bá ní kò sí ọ̀nà, wáyà ti já nìyẹn. Bákan náà ni wọ́n á ṣe fún niútírà, wáyà tí iná ń gbà padà, àti áàtì, wáyà ààbò tó lọ sínú ilẹ̀.

Ẹ̀rọ tó bá ju kílówáàtì 3 lọ kò yẹ lórí ríìngì rárá. Wáyà tirẹ̀ àti bíréékà tirẹ̀ ló tọ́ sí i.

Ti áàtì ló gbẹgẹ́ jù. Ká ní láìfù kan ara irin gíráíńdà, tí ọ̀pá áàtì tí wọ́n gbá mọ́lẹ̀ sì ní òòmù 20. Fọ́ọ̀tì 230 tí a bá fi 20 pín, ámpù 11.5 ni. Lójú bíréékà 32, iṣẹ́ lásán ni ìyẹn. Kò ní já, irin náà á sì máa gbé iná de ẹni tó máa fọwọ́ kàn án. RCD, ẹ̀rọ agéná tó ń ṣọ́ iná tó bá ń jò, ló ń rí i. Ó ń fi iye tó gba láìfù jáde wé iye tó gba niútírà padà. Bí mílíámpù 30 péré bá sọnù, yóò gé iná kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Bọ́tìnnì T kékeré wà lára rẹ̀ tí wọ́n fi ń dán an wò. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí iná wà tí kò já, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ̀rọ kankan tó tún yí.