OPS+: Ìgbà Wo Ni 0.953 Kéré Sí 0.928?

Ọdún 17 ni Todd Helton fi gbá baseball fún Colorado Rockies, láti 1997 títí di 2013. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, OPS rẹ̀ (on-base plus slugging, ìwọ̀n bí èèyàn ṣe mọ bọ́ọ̀lù gbá tó) jẹ́ 0.953. Ti Hank Aaron, ẹni tó gbá home run (bọ́ọ̀lù tí wọ́n sábà ń gbá kọjá ògiri pápá) 755, jẹ́ 0.928. Bí a bá fojú lásán wò ó, Helton ló mọ bọ́ọ̀lù gbá jù. Ṣùgbọ́n ẹ wo OPS+ wọn: Aaron 155, Helton 133. Àmì ìròpọ̀ kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ yẹn ló yí ọ̀rọ̀ padà.

OPS fúnra rẹ̀ kò le. Ohun méjì ni wọ́n rò pọ̀. Èkíní ni bí ẹni tó mú igi lọ́wọ́ ṣe ń dé orí béèsì (ọ̀kan nínú ibùdó mẹ́rin tí wọ́n ń sá yí ká) léraléra tó láìjẹ́ pé wọ́n lé e kúrò, yálà ó gbá bọ́ọ̀lù náà ni o, tàbí ajùbọ́ọ̀lù ju èyí tó ṣìnà lẹ́ẹ̀mẹrin, tí wọ́n wá ní kó máa rìn lọ sí béèsì. Èkejì ni agbára igi rẹ̀: bó bá gbá a dé béèsì kan, ení ni wọ́n kà, bó bá jẹ́ home run, ẹ̀rin. Ẹni tí OPS rẹ̀ bá kọjá 0.900 títí tó fi fẹ̀yìn tì, ọ̀gá ni.

Àbùkù ibẹ̀ ni pé OPS kì í béèrè ibi tí èèyàn ti gbá bọ́ọ̀lù àti ìgbà tó gbá a. Ó dà bíi kí á ka iṣu àgbẹ̀ méjì láìwo ilẹ̀ tí kálukú gbìn ín sí.

Ilẹ̀dú ni Denver, ìlú tí Rockies fi ṣe ilé. Ìlú náà fi nǹkan bíi mítà 1,600 ga ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ rẹ̀ fúyẹ́, bọ́ọ̀lù ń fò jìnnà, èyí tí ajùbọ́ọ̀lù sì fẹ́ kó tẹ̀ lójú ọ̀nà kì í tẹ̀ tó. Àwọn tó kọ́ Coors Field, pápá Rockies níbẹ̀, mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sún ògiri sẹ́yìn kí home run má baà pọ̀ jù. Àṣé àyè tó ṣí sílẹ̀ níwájú ògiri náà ni bọ́ọ̀lù yóò tún máa já bọ́ sí láìsí ẹni tó máa hán an! Ní 2002, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú bọ́ọ̀lù sínú yàrá ọ̀rinrin nítorí ọ̀gbẹlẹ̀ afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Ìyẹn dín bí bọ́ọ̀lù ṣe ń fò jìnnà kù, kò pa á rẹ́. OPS Helton nílé jẹ́ 1.048, ní pápá àwọn ẹlòmíì, 0.855.

Ìgbà náà ńkọ́? Ní 1968, àwọn ajùbọ́ọ̀lù fojú àwọn tó ń gbá a rí màbo, débi pé wọ́n ní láti rẹ òkìtì tí wọ́n ń dúró lé sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, láti ínǹṣì 15 sí 10. Lọ́dún 1968 yẹn, OPS Carl Yastrzemski ti Boston jẹ́ 0.922; OPS+ rẹ̀, 171. Ní 2000, tí home run ń rọ̀ bí òjò, Helton ní 1.162, OPS+ rẹ̀, 163.

Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fi apá méjèèjì OPS ẹni náà wé ti líìgì rẹ̀ lọ́dún yẹn, wọ́n á ro ti pápá ilé rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á sì fi 100 ṣe ìwọ̀n ẹni tó wà láàárín. 133 Helton fi 33 ju ìyẹn lọ, kì í sì í ṣe kékeré. Àwọn tó ní kí á kúkú da gbogbo ohun tó ṣe ní Denver nù ń ṣàṣejù, lójú tèmi. Ta ni kì í gbá dáadáa jù nílé? Wọ́n ṣáà dìbò gbà á sí Hall of Fame, ilé ìrántí àwọn akọni baseball, ní 2024.

OPS+ náà ní ibi tó kù sí. Ó ka dídé béèsì àti agbára igi sí ọgbọọgba, bẹ́ẹ̀ dídé béèsì níye lórí jù. wRC+, ìwọ̀n mìíràn tó jọ ọ́, ló tún ìyẹn ṣe. OPS+ kì í sì í sọ bí èèyàn ṣe pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́. OPS+ Mickey Mantle jẹ́ 172, ó ga ju ti Aaron lọ dáadáa, ṣùgbọ́n eré 2,401 ni Mantle gbá, Aaron gbá 3,298.