Bí Àpótí àti Ọfà Ṣe Di Ojú Tí A Fi Ń Wo Inú Ètò Kọ̀ǹpútà

Kí ẹ̀rọ tó máa ya àwòrán dátà, ọwọ́ làwọn tó ń kọ ètò fi ń yà á. Ní oṣù kejì ọdún 1957, Allen Newell àti Cliff Shaw gbé ìwé kan jáde níbi àpérò àwọn oníkọ̀ǹpútà ní Los Angeles. Àwọn méjèèjì yìí àti Herbert Simon ló ṣe Logic Theorist, ètò tó ń wá ẹ̀rí sí àwọn àbá inú ẹ̀kọ́ lójíìkì. Ohun tó yọ wọ́n lẹ́nu ni pé ètò náà kò lè mọ̀ ṣáájú bí nǹkan tó fẹ́ tò jọ yóò ṣe gùn tó. Wọ́n wá ní kí ohun kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà máa mú àdírẹ́sì èyí tó tẹ̀ lé e dání. Ọ̀kan lè wà níhìn-ín kí èkejì wà lọ́ọ̀ọ́kán, àdírẹ́sì ló so wọ́n pọ̀. Nígbà tó di kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ sórí ìwé, wọ́n ya àpótí, wọ́n sì fa ọfà láti inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Àwòrán yẹn náà la ṣì ń yà sí pátákó títí di òní.

John McCarthy bẹ̀rẹ̀ Lisp, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ní yunifásítì MIT lọ́dún 1958. IBM 704 ni kọ̀ǹpútà tó lò. Bíìtì (àyè fún 0 tàbí 1) 36 ló wà nínú ẹyọ ìrántí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àyè àdírẹ́sì méjì sì wà nínú rẹ̀, bíìtì 15 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí àpótí Lisp fi pín sí méjì, tí ọfà méjì fi ń jáde lára rẹ̀. Bí ọfà bá ti di méjì, àkójọ lè wà nínú àkójọ, òmíràn tún lè wà nínú ìyẹn. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1960, McCarthy ya ohun kan tí mo gbà pé òun ni gbòǹgbò gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ó mú ((A·B)·(A·B)), níbi tí àmì · ti so ohun méjì pọ̀ sínú àpótí kan, ó sì fi hàn pé ọ̀nà méjì ló lè gbà wà nínú ìrántí: kí (A·B) wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kó jẹ́ ẹyọ kan tí ọfà méjì ń lọ bá. Bí ẹ bá tẹ méjèèjì jáde, bákan náà ni wọn yóò rí. McCarthy ní kò ní yí èsì padà lójú ẹni tó wà níta, àfi pé àkókò àti àyè tí yóò gbà yàtọ̀.

Òótọ́ ni fún irú ìṣirò tó ń sọ nígbà náà, torí wọn kì í yí ohun inú àpótí padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe é. Àmọ́ èdè tó bá gbà kéèyàn yí i padà, ìyàtọ̀ ọ̀nà méjèèjì di ńlá níbẹ̀.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, àwọn ọmọ tó ń kọ́ Python, èdè kan tó gbà á láyè, sábà máa ń ṣe kòńgẹ́ ìyàtọ̀ yẹn láìmọ̀ pé òun ni. Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè kan, tí màmá rẹ̀ ń gba àjọ ní ọjà Òkè-Ajé, fẹ́ kó káàdì àwọn oníbàárà wọnú kọ̀ǹpútà. Gbogbo wa la mọ káàdì àjọ: ojú 31, ojú kan fún ọjọ́ kan, owó ọjọ́ kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti alájọ. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní orí alájọ Ṣómólú, ọmọ náà fẹ́ kí ẹ̀rọ máa bá màmá òun rántí. Ó kọ ọ́ báyìí fún oníbàárà mẹ́ta:

kaadi = [[0]*31]*3

Ó wá fi ₦500 sójú àkọ́kọ́ lórí káàdì oníbàárà àkọ́kọ́:

kaadi[0][0] = 500

Ìgbà tó tẹ̀ ẹ́ jáde, 500 wà lórí káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, àwọn tí ò tíì dá kọ́bọ̀ náà ti lówó níbẹ̀."

Ó ka kóòdù náà lákàtúnkà, kò rí àléébù kan, torí ohun tó fà á kò hàn nínú ọ̀rọ̀ títẹ̀. Mo fún un ní bírò pé kó ya ohun tó wà nínú ìrántí. Àpótí gígùn kan tó ní yàrá mẹ́ta ló kọ́kọ́ yà, ọfà mẹ́ta jáde níbẹ̀, gbogbo wọn sì forí lé káàdì kan ṣoṣo. *3 yẹn kò ṣe káàdì mẹ́ta rárá. Àdírẹ́sì káàdì kan ló dà kọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá fẹ́ káàdì mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, [[0]*31 for i in range(3)] ni yóò kọ.

Ọwọ́ lè ya àpótí mẹ́wàá. Bó bá di ẹgbẹ̀rún, ẹ̀rọ ló kù, ẹ̀rọ náà sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò gbé àpótí kọ̀ọ̀kan sí kí àwọn ọfà má baà lọ́ mọ́ra wọn bí òwú tó ta kókó. Ọdún 1981 ni Kozo Sugiyama àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Japan tẹ ọ̀nà tiwọn jáde: kí ẹ to àpótí sí ìlà-ìlà, kí ọfà máa dorí kọ ìsàlẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ àyè àwọn àpótí inú ìlà kan náà títí ọfà tó ń kọjá lórí ara wọn yóò fi dín kù. Ní 1983, Garey àti Johnson fi ẹ̀rí hàn pé ìṣòro wíwá iye ìkọjá tó kéré jù lọ wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní NP-complete, èyí tí ẹnikẹ́ni kò mọ ọ̀nà kíákíá tó yanjú rẹ̀ nígbà gbogbo. Èyí tó dára tó ni ẹ̀rọ ń mú. Orí ọ̀nà Sugiyama yìí làwọn ará Bell Labs kọ́ dot lé, èyí tó wà nínú àkójọ ètò ayàwòrán tó ń jẹ́ Graphviz, wọ́n sì ṣàlàyé iṣẹ́ wọn nínú ìwé 1993. Ẹ kàn kọ a -> b, yóò bá yín ya ìyókù.

Brad Myers ti ṣe Incense ní tirẹ̀ ní ilé ìwádìí Xerox PARC, ìwé rẹ̀ jáde ní 1983: ó ń ya ohun inú ètò tí wọ́n fi èdè Mesa kọ. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni DDD, ètò tí wọ́n fi ń wá àléébù inú ètò mìíràn, iṣẹ́ Andreas Zeller àti Dorothea Lütkehaus ní Braunschweig ní Jámánì, tí ìwé wọn jáde ní 1996. Bí ètò bá dúró lójú ọ̀nà, ẹ tẹ àdírẹ́sì kan lẹ́ẹ̀mejì, àpótí tó ń tọ́ka sí yóò yọ, ọfà yóò sì so wọ́n. Àmọ́ bí ẹ bá tẹ̀ lé ọfà méjì dé ibì kan náà ńkọ́? DDD ní ohun kan tí wọ́n lè tàn, tó máa ń wò ó bóyá àpótí méjì lórí àwòrán wà ní ojú kan náà nínú ìrántí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, á sọ wọ́n di ọ̀kan. Láìsí ìyẹn, àkójọ tó yí padà tọ́ka sí ara rẹ̀ yóò máa gùn lọ lórí àwòrán láìlópin. Python fúnra rẹ̀ kàn máa ń tẹ [[...]] jáde fún irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ni.

Philip Guo gbé Python Tutor jáde ní 2010, ibẹ̀ sì lọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́kọ́ rí àpótí àti ọfà, ìlà kóòdù kan lẹ́yìn òmíràn. Ètò kékeré ló wà fún. Fún èyí tó tóbi, objgraph wà, irinṣẹ́ Python tó ń ya ohun inú ìrántí àti ohun tó tọ́ka sí, òun náà sì ń gbé iṣẹ́ yíyà fún Graphviz. Kì í kọjá ìpele mẹ́ta àfi bí ẹ bá sọ fún un, torí àwòrán tó kó gbogbo ohun inú ìrántí pọ̀ kò ṣeé kà. Bí objgraph àti Graphviz bá ti wà lórí láàpù, wọn ò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, àwọn ni mo sì máa ń kọ́kọ́ fi sórí ẹ̀rọ àwọn ọmọ wa.