Mo ti san owó ilẹ̀ tán, ìwé ti wà lọ́wọ́ mi: ṣé ilẹ̀ ti di tèmi?

Ọkùnrin kan bá mi ní Ouando, níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ó yọ ìwé kan jáde látinú láílọ́ọ̀nù dúdú. Ó ti ká a títí ojú ìlà rẹ̀ fi ń ya. Convention de vente ni, ìyẹn ìwé àdéhùn títà ilẹ̀. Ìtẹ̀ka méjì wà nísàlẹ̀, aláwọ̀ elésè àlùkò, òǹtẹ̀ olórí àdúgbò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kà á. Ṣé mo ti di onílẹ̀?" Mo ní kò tíì dà bẹ́ẹ̀. Inú bí i, ó sì lẹ́tọ̀ọ́. Mo ti ń bá àwọn ará ilé ka ìwé Faransé pẹ́, ìbéèrè wọn kò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí tirẹ̀.

Kí ló dé tí convention tí àwa méjèèjì fọwọ́ sí kò fi tó?

Nítorí ohun tó ń sọ ni pé Lágbájá gbowó lọ́wọ́ Tẹ̀mẹ̀dù. Kò sọ pé Lágbájá ló ni ohun tó tà. Òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ìyẹn òfin 2013-01 ti oṣù kẹjọ ọdún 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, mọ ìwé kan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ènìyàn ló ni ilẹ̀ pátápátá. Titre foncier ni ìwé náà. Àwọn yòókù tí à ń tò sínú àpótí ìyá wa, bí attestation de recasement (ìwé ilẹ̀ tí wọ́n pín fún wa) lẹ́yìn lotissement, ìyẹn ìgbà tí ìjọba pín ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì, attestation de détention coutumière (ìwé pé a ni ilẹ̀ nípa àṣà), tàbí ìwé owó-orí ilẹ̀ ọdún mẹ́ta tó kẹ́yìn, òfin kà wọ́n sí àmì pé ó jọ pé tiyín ni. Wọn kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀, àmọ́ àwọn la fi ń tọrọ titre foncier lọ́dọ̀ ANDF, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ilẹ̀. Wọn á kéde fáyé gbọ́, wọn á pe àwọn tó bá yín pààlà wá síbi tí géomètre, ìyẹn awọnlẹ̀, ti ń rì òkúta ààlà, ẹni tó bá ní ẹ̀hónú á sọ ọ́ nígbà náà. Bí wọ́n bá kéde, tí ẹnikẹ́ni kò jáde, ìyẹn ń dáàbò bò yín ju òǹtẹ̀ mẹ́wàá lọ.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé wọn kò tíì tà á fún ẹlòmíràn?

Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín débẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀ pé ẹ ń bọ̀. Ẹ wo ògiri: bí ẹ bá rí ọ̀dà pupa tó kọ "Parcelle litigieuse" (ilẹ̀ tó ní ẹjọ́ lórí), ẹ yíjú padà. Ẹ bi ìyá tó ń dín àkàrà lódìkejì títì pé ta ló máa ń wá ṣán koríko ibẹ̀. Ohun tó mọ̀ máa ń ju ti àwọn agbódegbà lọ.

Lẹ́yìn náà kí ẹ tó san owó ilẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sanwó géomètre-expert, awọnlẹ̀ tó ní ìwé ẹ̀rí. Àbúrò bàbá mi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi pérégún mẹ́rin hàn án ní ọ̀nà Adjarra, ó ní ààlà ti hàn. Nígbà tí wọ́n wá gbé ẹ̀rọ síbẹ̀, pérégún méjì wà nínú titre foncier ẹni ẹlẹ́ni. Pérégún kì í parọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn lè hú u lóru kó lọ gbìn ín síbòmíràn. Ìwọ̀n tí géomètre bá gbà, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ANDF ní kọmúùnù, kí wọ́n bá yín wò ó. Èyí tó ti wà nínú àkọsílẹ̀ máa ń hàn lórí ìkànnì cadastre.bj náà.

Ilẹ̀ ẹbí ńkọ́?

Ibẹ̀ lẹjọ́ pọ̀ sí. Òfin ìdílé ti 2004 sọ pé ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin ń jogún bákan náà. Àkọ́bí ọkùnrin kò lè fọwọ́ sí ìwé nìkan kí ó tó, bí ọ̀kan nínú àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin bá wà nílé ọkọ ní Kétu, tí òmíràn ń ta aṣọ ní Èkó. Ẹ béèrè procès-verbal ti conseil de famille, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹbí, kí ẹ ka orúkọ ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ béèrè ta ni kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní "obìnrin kì í jogún ilẹ̀ nílé wa", ẹ má ṣe san kọ́bọ̀.

Wọ́n ti tà á fún ẹni méjì ná. Kí la ó ṣe?

Ọ̀ràn tí ìjọba ń fìyà jẹ ni. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí tribunal de conciliation, ilé ẹjọ́ tó ń parí ìjà pẹ̀lú àdéhùn, kì í náni tó agbẹjọ́rò. Bí kò bá yanjú, ilé ẹjọ́ pàtàkì kan wà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀, òfin 2022 ló dá a sílẹ̀, Àjàṣẹ́ sì wà lára ibi tó ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ má sáré lọ kọ́lé sórí ilẹ̀ náà kí "ọwọ́ yín lè kọ́kọ́ tó o". Bíríkì kì í ṣe ẹ̀rí.

Ṣé báńkì lè yá mi lówó?

Ó lè ṣe é, bí ẹ bá ní titre foncier tí wọ́n fẹ́ fi dúró. Láyé àtijọ́, ọmọ la fi ń ṣe ìwọ̀fà, ìwé ilẹ̀ ló kù báyìí. Bí kò bá sí, àwọn ilé ìyánilówó kékeré ń gba onígbọ̀wọ́. Iye tí èlé báńkì kò gbọdọ̀ kọjá láti 2014 ni 15 nínú 100 lọ́dún, ti ilé ìyánilówó kékeré jẹ́ 24, owó fáìlì sì wà nínú rẹ̀. Ẹ béèrè TEG lọ́wọ́ wọn, ìyẹn àpapọ̀ èlé àti owó yòókù lọ́dún, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Oníbàárà tó bá dárúkọ TEG, wọ́n máa ń yí ohùn padà fún un.

Onílé mi ní kí n san owó ọdún kan kí n tó wọlé.

Òfin ilé gbígbé dè é mọ́ oṣù mẹ́ta. Bí ẹ bá sanwó, ẹ gba quittance (ìwé ẹ̀rí owó) lóṣooṣù.

Ta ló lè bá mi sọ̀rọ̀ láìgbowó gọbọi?

Fún obìnrin, pàápàá opó tí àna fẹ́ lé jáde, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin amòfin, AFJB, ń gbani nímọ̀ràn. Guichet unique de protection sociale, ọ́fíìsì ìjọba tí à ń pè ní Centre de promotion sociale tẹ́lẹ̀, ń gbọ́ ẹjọ́ ìdílé. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé lọ, kì í ṣe ojúlówó. Ọkùnrin Ouando yẹn ti ń na ojúlówó rẹ̀ sí mi, mo ní kó kọ́kọ́ lọ ṣe fọtokópì mẹ́ta.