Bí Irà Lẹ́kí Ṣe Di Ọ̀nà Ìrìn

Àwọn àgbà ní àbàtà takété bí ẹni pé kò bá odò tan. Àbàtà Lẹ́kí kò ráyè takété: ọ̀sà wà lápá àríwá rẹ̀, òkun wà lápá gúúsù. Òkun gan-an ló kọ́kọ́ dá ilẹ̀ náà. Ìgbì a máa ti yanrìn etíkun láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, ọdún ń gorí ọdún, títí yanrìn náà fi tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ebè oko. Bí òjò bá rọ̀, omi rẹ̀ a há sáàárín ebè kan àti ìkejì, kò ní rọ́nà lọ sókun, kò sì ní tètè gbẹ. Ibi tí omi há sí yẹn ló di irà, inú irà náà sì ni igbó ti hù.

Irà ti dàgbà. Ọ̀nà pákó tí àwọn èèyàn ń gbà rìn lórí rẹ̀ lónìí, nínú ọgbà tí wọ́n ń pè ní Lekki Conservation Centre, kò tíì pé ogójì ọdún. Kí ọ̀nà náà tó lè wà, ó di dandan kí àwọn kan kọ́kọ́ gbà pé irà yẹ ní fífi sílẹ̀ bó ṣe wà, èrò bẹ́ẹ̀ kò sì wọ́pọ̀ nínú ìjọba Èkó.

Àwọn tó ń gbé etí ọ̀sà ní tiwọn kò ka irà sí ilẹ̀ òfò. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń dá ògùrọ̀, igi kan náà ló ń fún wọn ní ìkó tí wọ́n fi ń hun ẹní. Wọ́n ń dẹ ìgèrè sí ẹnu omi tóóró, wọ́n ń fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n gba àárín ewéko kọjá, ẹni tí kò bá sì mọ ojú ọ̀nà náà kò ní dábàá pé ọ̀nà wà níbẹ̀. Irà tún jẹ́ ibi ìsádi. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní ìparí ọdún 1851, ojú omi yìí ló gbà lọ sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1854 ni òun àti Kọ́ńsọ́ọ̀lù Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Kòsọ́kọ́ jọ̀wọ́ Èkó, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà gbà pé kí èbúté Palma àti Lẹ́kí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́kí tí ìwé náà sọ ni ìlú àtijọ́ tó wà lápá ìlà oòrùn, ó jìnnà díẹ̀ sí Lẹ́kí tí àwọn onílé ńlá ń pariwo lónìí. Ìlú àtijọ́ yìí kan náà ni ìjọba àpapọ̀ fi Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí ní ọdún 1962, nígbà ìjọba pàjáwìrì ní Ìwọ̀ Oòrùn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí ariwo ìlú nígbà náà, kó ro irú ibi tí ìjọba máa ń fi alátakò rẹ̀ pamọ́ sí.

Ní Èkó fúnra rẹ̀, ojú mìíràn ni wọ́n fi ń wo irà. Ọdún 1897 ni Ronald Ross, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Lọ́dún 1899, William MacGregor dé sí Èkó gẹ́gẹ́ bíi gómìnà, dókítà ìṣègùn sì ni. Lójú rẹ̀, irà àti ikú kò yàtọ̀. Ó gbéjà ko ẹ̀fọn, ó ń fa omi irà gbẹ, títí di òní orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ipadò tí wọ́n gbẹ́ sáàárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí. N kò lè dá a lẹ́bi, nítorí ibà ń pa èèyàn lóòótọ́. Àmọ́ àṣà tó fi lélẹ̀ ju ti ẹ̀fọn lọ. Láti ìgbà náà, bí ìjọba bá ti rí irà, yanrìn ni wọ́n ń wá. Ìkòyí bẹ̀rẹ̀, Victoria Island tẹ̀lé e. Láàárín èyí, wọ́n tún na ògiri òkúta wọ inú òkun láti ọdún 1908 kí ọkọ̀ ńlá lè ríbi wọ èbúté. Ògiri náà dá yanrìn tó ń ti ìwọ̀ oòrùn bọ̀ dúró, ni òkun bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etíkun Bar Beach lápá kejì. Yanrìn tí òkun ń fi dá ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò dé mọ́.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ló wá yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ọdún 1911 ni wọ́n bí Olóyè Shafi Lawal Edu. Oníṣòwò pàtàkì ni, ó sì lówó gan-an, àmọ́ ẹni tó dàgbà létí ọ̀sà mọ ohun tó wà nínú omi. Ní ọdún 1980 ó dá àjọ Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀, àjọ aládàáni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ dídáàbò bo igbó, ẹranko àti omi. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì nígbà náà. Owó epo rọ̀bì gbòde, ohun tí gbogbo aráyé ń pè ní ìdàgbàsókè ni títì ọlọ́dà àti afárá oníkọnkéré.

Títì ọlọ́dà sì ti ń bọ̀ ní tòótọ́. Nígbà tí Lateef Jákàńdè ṣe gómìnà, láàárín 1979 sí 1983, wọ́n la ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ kọjá lórí yanrìn náà. Títì yẹn ni mo gbà pé ó bí ọgbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó là á nítorí igbó. Kí títì tó dé, jíjìnnà ló ń dáàbò bo irà. Nígbà tí mọ́tò ti lè débẹ̀, ilẹ̀ di ọjà, ohun tí kò bá sì ní odi lára ti di ti olówó. Ní ọdún 1987, àwọn onímọ̀ láti ìpínlẹ̀ Èkó, láti iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀, àti láti inú àjọ tí Edu dá sílẹ̀ jọ yẹ ilẹ̀ wò, wọ́n sì fọwọ́ sí ibi kan létí títì náà. Ilẹ̀ ọ̀hún jẹ́ hẹ́kítà 78. Chevron, iléeṣẹ́ epo, ló san owó rẹ̀, ọọ́fíìsì wọn kò sì jìnnà síbẹ̀. Àwọn tó ń wa epo ló sanwó kí igbó má bàa tán: ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín lè rẹ́rìn-ín, àmọ́ láìsí owó yẹn, ilé ni ì bá wà níbẹ̀ lónìí.

Ọdún 1990 ni wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀. Ọdún yẹn kan náà, ní oṣù keje, ìjọba ológun Èkó lábẹ́ Raji Rasaki kó katakata wọ Màrókò, ìlú àwọn tálákà tó wà lórí irà ní ìpẹ̀kun Victoria Island. Wọ́n fojú bù ú pé àwọn tí ilé wó mọ́ lórí tó 300,000. Àlàyé ìjọba ni pé ilẹ̀ náà rẹlẹ̀ jù, pé omi lè bò ó. Lẹ́yìn náà, wọ́n da yanrìn sí i, àwọn ọlọ́rọ̀ sì kọ́lé síbẹ̀. N kò rí ẹni tó ń sọ ìtàn méjèèjì yìí pọ̀, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ kan náà ni, ọdún kan náà sì ni. Irà tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ̀bọ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ èèyàn.

Bí wọ́n ṣe la ọ̀nà inú ọgbà náà bá irà mu. Bí wọ́n bá da yanrìn sílẹ̀ ṣe ọ̀nà, yanrìn yóò gé omi sí méjì, apá kan yóò gbẹ, apá kejì yóò rì, igi apá méjèèjì yóò sì kú díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, òpó ni wọ́n rì mọ́lẹ̀, wọ́n wá tẹ́ pákó lé e lórí, kí omi lè máa kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn. Pákó a máa jẹrà nínú ọ̀rinrin, iṣẹ́ títún un ṣe kì í sì í tán. Ọ̀nà náà gba inú igbó irà kọjá, ó ya síbi tí èèyàn ti lè dúró wo omi àti ẹyẹ, ó tún jáde sí pápá oníkoríko. Ọ̀nì wà níbẹ̀, ìgalà àti ẹtu wà níbẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ ń sáré lórí ẹ̀ka. Àwọn ọ̀bọ tó wà níbẹ̀ kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá gbé oúnjẹ lọ́wọ́ ni wọ́n ń tọ̀ lẹ́yìn, wọn a já a gbà lọ́sàn-án gangan. Lórí igi gíga kan, wọ́n kọ́ ilé pákó tí èèyàn ń fi àkàsọ̀ gùn, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ló ń dé òkè.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọmọ iléèwé ló pọ̀ jù nínú àlejò wọn, torí ẹ̀kọ́ wà lára ohun tí wọ́n dá ibẹ̀ sílẹ̀ fún. Ọdún 2015 ni èyí yí padà, nígbà tí wọ́n ṣí afárá onírin tí wọ́n ta láti òpó dé òpó lókè àwọn igi, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401. Afárá náà a máa mì tìtì bí èèyàn bá ń rìn lórí rẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ gba orí Instagram kan, èrò wá ń rọ́ wá láti ibi gbogbo, àwọn mìíràn ò tilẹ̀ mọ̀ pé irà wà nísàlẹ̀. Èmi kò bá wọn jà, torí owó ẹnu ọ̀nà wọn wúlò fún títún pákó ṣe. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, màá ní kó kọ́kọ́ rin ọ̀nà ìsàlẹ̀ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, kí àwọn ẹyẹ tó wọ ibòji, kó tó gun afárá. Tí ọjọ́ bá sì ṣì wà, kó wọkọ̀ lójú títì kan náà lọ sí Ẹ̀pẹ́, ní àdúgbò Èkó-Ẹ̀pẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọdún Káyòkáyò ní ìrántí ìgbà tí Kòsọ́kọ́ gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ọjà ẹja Olúwo wà, ẹja ọ̀sà sì ni wọ́n ń tà.